Ọdún Mẹ́fà Tí Mo Ti Ń Bá Aláìsàn Ọpọlọ Rìn ní Ìlọrin

Aṣọ òfì ni mo ń hun nígbà tí àìsàn náà kọ́kọ́ dé sí mi ní ọdún 2013. Iṣẹ́ ilé wa ni. Bàbá mi hun ún, bàbá tó bí bàbá mi hun ún, ẹ̀gbẹ́ òfì ni èmi náà sì gbé dàgbà nínú agboolé kan tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba. N kò ní sọ púpọ̀ nípa àìsàn náà, nítorí kì í ṣe òun gan-an ni mo torí rẹ̀ jókòó kọ̀wé. Ó tó kí n sọ pé òru mẹ́sàn-án ni n kò fojú ba oorun, pé mo fi owó òwú tí oníbàárà san sílẹ̀ ra àgbò mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò rán mi, àti pé mo dúró sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, tí mo ń sọ fún àwọn àgbà pé wọ́n rán mi sí wọn. Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ àáfà, mo mu omi tí wọ́n fi fọ wàláà fún odindi oṣù kan, kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó yarí pé ilé ìwòsàn ni wọn yóò gbé mi lọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wa pé irú èyí tó máa ń gbé ènìyàn sókè fún ìgbà kan, tí yóò tún jù ú sílẹ̀ nígbà mìíràn, ni ó ń ṣe mí.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Orí mi wálẹ̀, oorun padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ òfì yóò mọ ohun tí mò ń wí: ọwọ́ ọ̀tún ni yóò ju ọ̀kọ̀, igi tó ń gbé òwú kọjá, ọwọ́ òsì ni yóò gbà á, kò sì sí ìgbà tí ènìyàn ń ronú sí i. Tèmi ń já bọ́ sílẹ̀, òwú ń tú ká lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ bàbá mi sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Oṣù méjì ni mo fi rò pé bí ayé mi yóò ti máa rí nìyẹn. Lọ́jọ́ kan tí a jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti rí dókítà, bàbá arúgbó kan tí òun náà wá gba oògùn wo bí mo ti di ọwọ́ kan mú pẹ̀lú èkejì, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o ti sọ fún wọn pé ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n? Oògùn wà fún un. Artane ni wọ́n fún èmi.” Mo wọlé, mo sọ fún dókítà, wọ́n sì fi oògùn kékeré kan kún tèmi. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti ń gba ọ̀kọ̀ padà. Bàbá yẹn kò mọ̀ pé iṣẹ́ kan ni òun ṣe. Èmi náà kò mọ̀ nígbà náà.

Ní ọdún 2019, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti ń tọ́jú mi láti ìbẹ̀rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì bi mí bóyá mo lè máa bá wọn lọ kí àwọn aláìsàn nílé. Ó ní dókítà mọ ìwé, òun mọ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ̀ nínú àwọn méjèèjì bó ti ń rí kí ènìyàn jí lówùúrọ̀, kí gbogbo agboolé sì máa wò ó lójú bóyá ó ti tún bẹ̀rẹ̀. “Peer supporter” ni wọ́n kọ sínú ìwé wa. Alábàárìn ni mo máa ń pe ara mi fún àwọn tí a bá lọ kí. Owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń fún wa, òfì ni mo sì fi ń jẹun títí di òní. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi kọ́ wa. Ẹni tó kọ́ wa sọ fún wa nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, tó jẹ́ pé ní Aró, nítòsí Abẹ́òkúta, láàárín àwọn ọdún 1950, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, dípò kí wọ́n há wọn mọ́. Ó tún sọ nípa àwọn ìyá àgbà ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, tí Dókítà Dixon Chibanda kọ́ láti máa jókòó ti ènìyàn lórí bẹ́ǹṣì igi, kí wọ́n sì máa gbọ́ tẹnu rẹ̀, láti ọdún 2006. Mo fetí sí ìyẹn, nítorí bẹ́ǹṣì mú mi rántí bàbá arúgbó yẹn. N kò fi bẹ́ẹ̀ fetí sí ìyókù, torí mo ti gbà lọ́kàn mi pé ìtàn mi tó mi í ṣiṣẹ́.

Ilé tí a kọ́kọ́ lọ wà ní Gáà Àkànbí. Ọmọkùnrin kan ni, tó ti ilé ẹ̀kọ́ gíga padà wálé láàárín sáà, tí kò sì jáde nínú yàrá fún ọ̀sẹ̀ méje. Màmá bá ìyá rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí èmi wọlé lọ bá a. Mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ òru mẹ́sàn-án, mo sọ ti àgbò mẹ́ta, mo sọ bí wọ́n ti dè mí mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, mo sọ bí mo ti wá di ẹni tó ń hunṣọ padà, tó gbéyàwó, tó bímọ. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni ọmọ náà ń fi èékánná yọ fóòmù láti ojú ihò kan lára ibùsùn rẹ̀, tó ń yí i láàárín ìka méjì títí yóò fi rí roboto bí ẹ̀wà, tí yóò wá tò ó sí ìdí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ti wà níbẹ̀. Mo rí i. Ojú mi rí i, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò dúró. Nígbà tí a jáde, ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tọkàntọkàn, inú mi sì dùn bí ẹni pé mo ti wo ọmọ náà sàn.

Lójú ọ̀nà ni Màmá bi mí pé, “Kí ni ó sọ?” Mo ronú títí, n kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ọmọ náà sọ. Ó tún bi mí pé, “Kí ló ń fi ọwọ́ ṣe?” Mo sọ ti fóòmù náà fún un. Ó ní, “O rí ìyẹn, o wá ń sọ ti àgbò fún un.” Kò tún sọ nǹkan mìíràn títí a fi dé ibi tí a ti wọkọ̀.

Nígbà tí a padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo kí i, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì dákẹ́. Kò rọrùn. Nínú ilé wa, bí àlejò bá wọlé tí kò sọ̀rọ̀, ìjà ló bá wá. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, mo mú ọ̀kan nínú àwọn roboto náà tó yí kúrò lójú ìlà, mo fẹ́ dá a padà sí ìdí ògiri. Ó ní, “Ẹ má tò ó síbẹ̀, ibẹ̀ ti kún.” Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ nìyẹn. Mo bi í pé níbo ni kí n fi í sí, ó nawọ́ sí ibòmíràn, ibẹ̀ ni a sì ti bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, n kò mọ ohun tí àwọn roboto wọ̀nyẹn jẹ́ fún un, n kò sì bi í. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, gbólóhùn méjì péré ni mo máa ń sọ nípa ara mi nígbà àkọ́kọ́: “Èmi náà ti wà nínú rẹ̀ rí. Mo ṣì ń lo oògùn.” Ìyókù di ìgbà tí wọ́n bá béèrè, àwọn mìíràn kì í sì béèrè láéláé.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ nílé yẹn tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ kí ó tó jáde nílé. Mo fi káàdì ìdánimọ̀ kọ́rùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí ó wù mí. Lọ́jọ́ kejì ni ìyá ọmọ náà pè mí, tó ń bẹ̀ mí, pé bí mo bá tún ń bọ̀, kí n jọ̀ọ́ má fi nǹkan yẹn sọ́rùn, nítorí aládùúgbò kan ti bi òun pé ta ni orí rẹ̀ dàrú nílé wọn. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí wèrè bá san, kùn-ún-kùn-ún rẹ̀ kì í tán. N kò fẹ́ràn òwe náà, nítorí ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti máa ń pa á, ṣùgbọ́n n kò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé àwọn aládùúgbò ń pa á. Láti ìgbà náà, Màmá kì í wọ aṣọ nọ́ọ̀sì lọ sílé ẹnikẹ́ni, orí títì ni a máa ń sọ̀kalẹ̀ sí, a ó sì ra búrẹ́dì dání bí ẹbí tó wá kí ẹbí. Èmi ni mo sì máa ń ṣọ́ra jù láti má ṣe béèrè ọ̀rọ̀ oògùn lójú agbo. Mo mọ bó ti máa ń dun ènìyàn kí wọ́n máa bi í lójú àwọn àbúrò ìyàwó rẹ̀ pé ṣé ó ti lo oògùn láàárọ̀.

Àṣìṣe kejì ni èyí tí n kì í fẹ́ sọ. Káfíńtà kan wà ní Sángo, ọmọ Òmù-Àrán, tó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, Ẹ̀gbọ́n ni mo sì ń pè é. A mọwọ́ ara wa, iṣẹ́ ọwọ́ ni a jọ ń ṣe, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò fi ẹ̀sẹ̀ ti àga tí ó ń kàn lọ́wọ́ sí mi, yóò ní kí n jókòó kí n bá òun dán an wò. Lọ́jọ́ kan, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó ní, “Àbúrò, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò gbọdọ̀ kọjá àárín àwa méjèèjì.” Mo ní kò lè kọjá ibẹ̀. Ó wá sọ pé òun ti ń da oògùn sílẹ̀ láti ọjọ́ mọ́kànlá, nítorí láti ìgbà tí òun ti ń lò ó ni òun kì í ti í ṣe ọkùnrin mọ́ nínú yàrá, ìyàwó òun sì ti ń rò pé òun ní ẹlòmíràn níta.

Ohun tí ó yẹ kí n sọ pọ̀, n kò sọ ọ̀kan nínú wọn. Bí ẹni tó jù mí lọ bá bẹ̀ mí pé kí n bo òun láṣìírí, níbi tí a ti tọ́ mi, kò sí “ṣùgbọ́n” nínú ọ̀rọ̀ náà. Èyí tó tún burú jù ni pé mo fẹ́ kí ara rẹ̀ tù ú, mo sì sọ fún un pé èmi náà ti pa oògùn tì fún oṣù kan rí, kò sì sí nǹkan tó ṣe mí. Òótọ́ ni. N kò kàn sọ ohun tí oṣù kejì mú wá fún un ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyàwó rẹ̀ pè mí pé ó ti tó ọjọ́ méjì tí wọn kò ti rí i. Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n rí i ní Ajàṣẹ́-Ìpo, nínú gáréèjì, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Òmù-Àrán. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó, òòlù rẹ̀ sì wà ní abíyá rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, ìyàwó rẹ̀ wò mí, ó ní, “Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àbí?” N kò dáhùn. Ó ní, “Ẹ mọ̀.” Kò gbé ohùn sókè, kò sì ṣépè. Ó kàn yí ojú kúrò, ó ń bá a tú okùn bàtà tí ẹnì kan fún un lọ́nà.

Mo fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Màmá kò bẹ̀ mí, kò sì bú mi. Ó kàn jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tó sọ ọkùnrin náà di aláìlágbára nínú yàrá, oògùn náà ló ṣe é, pé àwọn dókítà mọ̀ ọ́n ní ohun tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń fà, wọ́n sì lè dín in kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ni pé bí mo bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ṣeé ṣe kí ó má kúrò nílé rárá. Nísinsìnyí, kí ẹnikẹ́ni tó tú àpò ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, mo máa ń sọ pé: “Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ ohun tó lè pa yín lára tàbí tó lè pa ẹlòmíràn lára, Màmá gbọ́dọ̀ gbọ́, ẹ̀yin àti èmi la ó sì jọ sọ fún un.” Mo bẹ̀rù pé ẹnu wọn yóò pa dé. Ẹnu àwọn díẹ̀ pa dé lóòótọ́. Púpọ̀ nínú wọn sọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ibùsùn, tí dókítà tó wà nídìí tábìlì jẹ́ ọmọbìnrin tí kò tíì ju ọmọ wọn lọ, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú wọn láti la ẹnu ọ̀rọ̀ náà, kí n tó jáde fún wọn.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ikú. Mo máa ń yí i ká tẹ́lẹ̀, torí mo rò pé bí mo bá dárúkọ rẹ̀, mo ti fi sí wọn lọ́kàn nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́ wa, ojú mi sì ti rí i, pé bí a bá bi ènìyàn ní gbangba pé, “Ṣé ó ń ṣe yín bíi pé kí ẹ fọwọ́ ara yín pa ara yín?”, ìtura ló máa ń jẹ́ fún ọ̀pọ̀ wọn pé ẹnì kan lè gbọ́ ọ láìsá. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, n kì í fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, n kì í sì í wàásù fún un. Mo máa ń pe Màmá lójú rẹ̀ níbẹ̀.

Ti ara mi ló kù. Ààwẹ̀ ọdún 2021 bọ́ sí oṣù kẹrin wọ oṣù karùn-ún, nígbà tí ooru Ìlọrin ń bó ènìyàn. Mo ti fún gbogbo àwọn tí mò ń bá rìn ní nọ́ńbà mi, mo sì sọ fún wọn pé ìgbàkígbà ni kí wọ́n pè. Wọ́n pè. Wọ́n ń pè láago méjì òru, èmi yóò sì bá wọn sọ̀rọ̀ títí di àkókò sààrì, n ó jẹun, n ó kírun, n ó sì kọjá sídìí òfì, nítorí oníbàárà ọdún Ìtúnu ti kún ilẹ̀. Oògùn àárọ̀ mi di ohun tí mò ń fò torí ààwẹ̀. Mo ní n ó lò ó pọ̀ mọ́ ti alẹ́, n kò sì bi dókítà. Lọ́jọ́ kẹrìnlá, mo ti ń hun aṣọ ọjọ́ mẹ́ta lóòjọ́ kan, inú mi sì ń dùn lọ́nà kan tí mo mọ̀ dáadáa. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì pa á mọ́, torí ojú ń tì mí. Ta ni yóò gbọ́ pé alábàárìn fúnra rẹ̀ ń yẹ̀?

Ìyàwó mi ni kò bá mi jiyàn. Ó kó sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn mi jọ sórí ẹní lẹ́yìn ìṣínu, ó ka àwọn hóró tó kù níwájú mi láìsọ̀rọ̀, ó wá pe Màmá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ní kí n jókòó sílé, dókítà sì tò oògùn mi sí ìṣínu àti sààrì, ó ní bí n kò bá lè sùn tó wákàtí mẹ́fà, kí n jẹ ààwẹ̀ náà kí n sì san án padà nígbà tí ara mi bá yá. Àáfà àdúgbò wa sọ ohun kan náà nígbà tí mo bi í, pé Kùránì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda fún aláìsàn. Láti ọdún náà ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí lọ kí àwọn aláìsàn wa ní oṣù Ṣáábánì, kí ààwẹ̀ tó wọlé, kí olúkúlùkù lè bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí àkókò oògùn. Ó ṣe pàtàkì jù fún àwọn tó ń lo lithium, oògùn kan tí wọ́n fi ń tọ́jú irú àìsàn tèmi, nítorí bí omi bá gbẹ lára wọn, oògùn náà lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ kí ó sì di májèlé. Bí wọn kò bá tíì rí dókítà, a kì í sọ fún wọn bí wọn yóò ti tò ó. A kàn máa ń mú wọn lọ ni.

Ọ̀rọ̀ òfin náà ni n ó fi kún un ní ṣókí, nítorí mo fi ṣe ara mi léṣe. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin ọdún 1958 tó ṣì ń pe irú wa ní wèrè láti òkè délẹ̀. Mo kà nípa rẹ̀, ó sì wọ̀ mí lára. Kò pẹ́ ni a lọ kí ọmọ kan nílé àáfà kan, a sì bá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo pariwo òfin lé àáfà náà lórí níwájú àwọn ọmọ kéú rẹ̀. Ó lé wa jáde. Ọmọ náà ni ó jìyà ìbínú mi, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Màmá padà lọ kí wọ́n tó tún jẹ́ kí ó rí i, tí ó ń kúnlẹ̀ kí bàbá náà, tó ń béèrè àlàáfíà àwọn ìyàwó rẹ̀, kí ó tó sọ pé òun kò wá gba aláìsàn rẹ̀, abẹ́rẹ́ oṣooṣù nìkan ni òun fẹ́ máa wá fún un, kí àdúrà sì máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oṣù kejì tí abẹ́rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni àáfà fúnra rẹ̀ tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà. Èmi kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Màmá ní kí n má tíì wá.

Ẹ̀gbọ́n káfíńtà kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn Ajàṣẹ́. Wọ́n ti pààrọ̀ oògùn rẹ̀, ó ti padà sídìí iṣẹ́, èmi sì máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá, n ó kí i, yóò fi orí dá mi lóhùn. Òun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, tó pè mí pé àga kan wà tí òun fẹ́ kí n jókòó lé wò. N kò bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, mo ti bẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ títí ó fi sú u.

Nínú ààwẹ̀ tó kọjá yìí, mo tan fóònù mi láàárọ̀, lẹ́yìn tí mo ti sùn dáadáa, mo sì rí i pé ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín òru. Àyà mi já. Mo pè é kíákíá, mo ń tọrọ àforíjì kí ó tó sọ̀rọ̀ rárá, pé mo máa ń pa fóònù láago mẹ́wàá. Ó ní, “Àbúrò, mo mọ̀, o ti sọ fún mi. Oorun ni kò wá, ni mo bá pe nọ́ńbà Màmá tí o kọ sára ògiri yìí.” Mo ń gbọ́ òòlù rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ó ti wà nídìí iṣẹ́.